Mátírọ̀n Kò Lọ Wẹ Ọmọ

Ìsìn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí lọ́jọ́ Ìsinmi náà. Fíkà ti ka ìkéde ìgbéyàwó, ó ti bá àwọn akọrin wí pé wọ́n ń pẹ́ dé, ó wá gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Ẹ bá wa yọ̀ mọ́ màmá wa, Mátírọ̀n Oyèbọ́lá. Wọ́n ń lọ sí ilẹ̀ Potogí lóṣù tó ń bọ̀, wọ́n fẹ́ lọ wẹ ọmọ. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ." Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Àwọn obìnrin ti ń nawọ́ láti ẹ̀yìn kí wọ́n lè gbá a lẹ́jìká.

Mátírọ̀n dìde. Ó gbé báàgì rẹ̀ sórí àga, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n sì ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ dé.

"Fíkà, ẹ dúró ná," ló wí. "Kò sẹ́ni tó bímọ. Kò sẹ́ni tó lóyún. Mi ò ní ọmọ ní ilẹ̀ Potogí, mi ò ní ẹbí níbẹ̀, mi ò mọ ẹnì kankan níbẹ̀, ìdí tí mo fi ń lọ nìyẹn. Òkun ni mo fẹ́ lọ wò."

Fíkà fẹ́ fi ẹ̀rín bò ó. "Màmá, ohun tí a gbọ́ ni pé..."

"Ta lẹ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀? Ṣé ẹ bi mí? Èmi ni mo gbẹ̀bí yín, Fíkà. Ìdí lẹ fi ṣáájú, orí lẹ fi kẹ́yìn. Láti ọjọ́ náà lẹ ò ti gbọ́ tẹnikẹ́ni."

Orin ìparí kò ṣeé kọ mọ́. Ẹni tó ń tẹ dùùrù gbé orí lé e, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

Ẹ ó rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Irọ́ ni. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo Oǹdó ti fẹnu kò pé oyún wà lóòótọ́. Ṣé ẹ rí bó ṣe ń sẹ́ ẹ? Bí kò bá sí oyún, kí ló ń bí i nínú tó bẹ́ẹ̀? Ayé le, ó ń fi bò ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún oyún tí kò sí, wọ́n tún ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ kí ọ̀tá má bàa gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, nítorí inú ń bí èmi náà. Ní ìlú wa yìí, bí ọkùnrin àgbà bá wọ ọkọ̀ òfurufú, ó lọ ṣòwò, ó lọ gba ìtọ́jú, ó lọ gbafẹ́, kò sẹ́ni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò. Bí obìnrin àgbà bá wọ̀ ọ́, àfi kí ọmọ jòjòló máa ké níbi tó ń lọ. Omi gbígbóná àti ọṣẹ, ìyẹn nìkan ni wọ́n rò pé ó lè mú obìnrin kọjá òkun.

Agbẹ̀bí sì ni Mátírọ̀n títí tó fi fẹ̀yìn tì. Ọmọ tó ti wẹ̀ ní Oǹdó, ìyá ẹlòmíràn ò rí irú rẹ̀ rí. Kò sí ilé kan ní Yaba ti Oǹdó tí kò gbẹ̀bí ẹnì kan níbẹ̀, ohun tó sì rí lọ́jọ́ náà ló máa fi ń bá ẹni náà jà títí ayé. Ó sọ fún olówó kan níwájú àwọn àlejò rẹ̀ pé, "Orí rẹ ló fìyà jẹ ìyá rẹ. Kò sì sí nǹkan kan nínú ẹ̀." Ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́. Ọmọ méjì ló bí. Gbémiga ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Àkúrẹ́, Olúwakẹ́mi sì wà ní Ìlú Ọba pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, Ayọ̀bámi.

Ìlú Ọba yẹn gan-an ló dá wàhálà sílẹ̀. Nígbà tí Kẹ́mi bí àkọ́bí, Mátírọ̀n lọ wẹ ọmọ bí gbogbo ìyá ṣe ń lọ. Ìgbà òtútù ni. Ó wẹ ọmọ, ó se ọbẹ̀, ó fọ aṣọ, ó tún se ọbẹ̀. Kò jáde ju ibi abẹ́rẹ́ ọmọ àti ibi tí wọ́n ti ń ra ìlédìí lọ. Nígbà tó padà dé Oǹdó, tí wọ́n ní báwo ni Lọ́ńdọ̀nù, ó ní, "Mi ò mọ̀. Fèrèsé ni mo rí. Ọgbà aládùúgbò ni mo ń wò, ajá aládùúgbò sì ń wò mí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín rárá. Ó mú ọ̀rọ̀ náà lọ bá Sherifat, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ọmọ Àkúrẹ́, Àlájà tó kọ́lé sí Ọ̀bà-Ilé. Kánádà ni àwọn ọmọ Sherifat wà, ó sì ti lọ wẹ ọmọ níbẹ̀ láìmọye ìgbà.

"Sherifat, kí lo rí ní Kánádà?"

Sherifat ronú títí. "Ẹ̀rọ ìfọṣọ wọn dáa," ló wí.

Mátírọ̀n bínú débi pé kò jẹun tí wọ́n gbé fún un. Ó ní ẹni tó bá wọ ọkọ̀ òfurufú lọ wo ẹ̀rọ ìfọṣọ, olúwarẹ̀ ì bá ti dúró sílé. Ọjọ́ yẹn ló pinnu. Ó ní kí òun tó kú, òun máa lọ sí ìlú kan tí oòrùn ti ń ràn, tí òkun wà, tí òun ò ní fọwọ́ kan ìlédìí ẹnikẹ́ni. Sherifat máa bá òun lọ, kò sì gbọdọ̀ jiyàn.

Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló ń wọkọ̀ láti Oǹdó lọ sí Ọ̀bà-Ilé kí àwọn méjèèjì lè jókòó síwájú ilé, kí wọ́n máa fi fóònù wá ìlú. Wọ́n rí ọ̀kan tó dáa gan-an, àfi bí Sherifat ṣe sọ pé ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ń gbé níbẹ̀.

"Ṣé ó ti gbéyàwó?"

"Ó ti gbé e."

"Yọ ìlú náà kúrò. Kí wọ́n má lọ lóyún lé wa lórí."

Bí wọ́n ṣe fẹnu kò sórí ilẹ̀ Potogí nìyẹn. Oòrùn wà níbẹ̀. Lísíbọ̀n wà, ìlú orí òkè, ọkọ̀ kékeré kan báyìí sì ń rìn lórí irin láàárín ilé. Pọ́tò wà létí odò. Àwọn ìlú kéékèèké wá wà létí òkun, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń fi pátákó gun ìgbì, tí wọ́n á ṣubú, tí wọ́n á tún gùn ún, tí kò sì sẹ́ni tó ń bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Ìlú ńlá ni Sherifat fẹ́. Mátírọ̀n ní àwọn á dé ìlú ńlá kí wọ́n má bàa pe àwọn ní ará oko, ṣùgbọ́n etí òkun ni wọ́n máa gbé pẹ́ jù.

"Kí la máa ṣe níbẹ̀?" ni Sherifat bi í.

"A ò ní ṣe nǹkan kan."

"Láti àárọ̀?"

"Títí ilẹ̀ á fi ṣú."

Sherifat bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkàn ka ọjọ́ sẹ́yìn. Ó ń wá ọjọ́ kan nínú ayé rẹ̀ tó rí bẹ́ẹ̀, kò rí i.

Mátírọ̀n ní ẹni tó bá ń lọ sí òkun gbọ́dọ̀ mọ omi. Ó lọ sí òtẹ́ẹ̀lì kan ní Alágbàka ní Àkúrẹ́, níbi tí odò ìlúwẹ̀ẹ́ wà. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ dọ̀bálẹ̀ fún un, ó gbé àga wá. Ó ní, "Màmá, ẹ jókòó síbí kí ẹ lè máa wo àwọn ọmọ."

Mátírọ̀n wo inú omi. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. "Ọmọ wo?"

"Àwọn ọmọ-ọmọ yín tí ẹ kó wá, mà."

Ó tú ìró. Ṣòkòtò dúdú àti ẹ̀wù ọlọ́wọ́ gígùn tí télọ̀ kan rán fún un ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ó sọ̀kalẹ̀ sínú omi títí ó fi dé e lọ́rùn. Ọkùnrin náà ń bẹ̀ ẹ́ lókè pé kó jáde, kí iṣẹ́ má bọ́ lọ́wọ́ òun. Mátírọ̀n bi í pé ọmọ ibo ni. Ó ní ọmọ Ìgbàrà-Òkè lòun. "Ẹn-ẹ́n," ni Mátírọ̀n wí. "Èmi kọ́ ni mo gbẹ̀bí rẹ. Mo ti rò bẹ́ẹ̀."

Jesse ló bá wọn ṣe ìwé físà. Ọmọ dáadáa ni, nítòsí Ọjà Ọba ló ń gbé kọ̀ǹpútà kalẹ̀, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó kọ ọ́ sínú ìwé náà pé Mátírọ̀n ń lọ tọ́jú ọmọ tuntun.

"Pa á rẹ́," ni Mátírọ̀n wí.

"Màmá, èyí ló máa ń yé wọn. Tá a bá kọ ọ́ pé ẹ ń lọ gbafẹ́, wọ́n á ní ẹ fẹ́ sá síbẹ̀ ni."

"Kí n sá? Orúnkún wo ni mo fẹ́ fi sá?"

Jesse pa á rẹ́. Nígbà tí wọ́n pè é sí Èkó fún ìbéèrè, wọ́n bi í pé kí ló fẹ́ ṣe lọ́hùn-ún. Ó ní òun á jókòó. Wọ́n ní lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́? Ó ní òun á dìde, òun á lọ jókòó síbòmíràn. Wọ́n fún òun àti Sherifat ní físà. Títí dòní ni Jesse ń sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé ààwẹ̀ tí òun gbà ló ṣe é.

Ní gbogbo àkókò yìí, Oǹdó kò sinmi. Bísọ́dún, tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ obìnrin ní sọ́ọ̀ṣì, gbé òrí, kànhìnkànhìn àti ọṣẹ dúdú wá. Mátírọ̀n dá a padà. Bísọ́dún fọwọ́ bo ẹnu, ó rọra ní, "Ẹ gbà á, mà. A ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni." Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, òrí á ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹnikẹ́ni ò ní sọ pé òun lòun gbé e wá. Mátírọ̀n pe kẹ̀kẹ́ Márúwá kan, ó kó gbogbo rẹ̀ sínú rẹ̀, ó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń pariwo pé kí oníkálukú gba ẹrù rẹ̀. Àwọn tó wà lójú títì rí Mátírọ̀n nínú kẹ̀kẹ́ tí òrí àti kànhìnkànhìn kún bámúbámú. Wọ́n ní, "Yéè, ó ti bí i nìyẹn."

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá korò ló kù yìí.

Kẹ́mi pè láti Ìlú Ọba. Ó lóyún. Oṣù tí Mátírọ̀n àti Sherifat máa lọ gan-an ló máa bí i. Ó ti wà lára rẹ̀ tipẹ́, ó ń fi pamọ́ ni, ó fi pamọ́ fún ìyá tó bí i lọ́mọ, nítorí wọ́n ní ayé le. Bí ìròyìn náà ṣe dé Oǹdó ni gbogbo ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í yangàn. Ṣé a ò wí? Ṣé ẹ rí i? Bísọ́dún tún gbé òrí náà padà wá, ẹrù náà sì ti pọ̀ sí i, nítorí ó fi aṣọ òtútù méjì kún un.

Gbémiga wakọ̀ wá láti Àkúrẹ́ lọ́jọ́ kejì. Kò jókòó tán tó fi sọ ohun tó bá wá.

"Màmi, ẹ jẹ́ ká sún Potogí yìí síwájú."

"Ká sún un sí ìgbà wo?"

"Títí ọmọ á fi dàgbà díẹ̀."

"Èmi ńkọ́?" ni Mátírọ̀n wí. "Ta ló máa sọ fún èmi kí n má dàgbà?"

Gbémiga ń fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀ ṣeré lọ́wọ́. Ìyá rẹ̀ wọlé, ó tilẹ̀kùn. Ó sunkún níbẹ̀, ẹkún ìbínú, nítorí ó mọ ohun tí "ẹ jẹ́ ká sún un síwájú" túmọ̀ sí. Ó ti rí i lára àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọmọ yìí á dàgbà, òmíràn á dé, orúnkún á le, ẹnì kan á sì ka ìtàn ìgbésí ayé wọn lọ́jọ́ ìsìnkú pé wọ́n fẹ́ràn ọmọ púpọ̀. Ó fẹ́ràn ọmọ. Kò sẹ́ni tó fẹ́ràn ọmọ tó o. Ṣùgbọ́n òun náà fẹ́ nǹkan kan, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, fún ara òun. Ní Ọ̀bà-Ilé, Sherifat ti ń kó aṣọ rẹ̀ jáde nínú àpótí. Kò bínú. Ó ti mọ́ ọn lára.

Kẹ́mi tún pè nírọ̀lẹ́. Ohùn rẹ̀ ti le. "Màmi, bí ẹ ò bá wá, ta ló máa wẹ ọmọ fún mi?"

"Ṣé ọmọ náà ò ní bàbá ni?"

"Ayọ̀bámi ò mọ̀ ọ́n wẹ̀."

"Gbé fóònù fún un," ni Mátírọ̀n wí. "Ní kó mú iṣu kan wá."

Gbogbo ìrọ̀lẹ́ láti ọjọ́ náà, Ayọ̀bámi, ọkùnrin tó kàwé, tí àwọn òyìnbó ń pè ní sà, á fi iṣu sórí ẹsẹ̀, bàfù á wà níwájú rẹ̀, ìyá ìyàwó rẹ̀ á máa bú u látinú fóònù.

"Di ọrùn ẹ̀ mú."

"Màmá, iṣu ò ní ọrùn."

"Ọmọ tuntun náà ò fi bẹ́ẹ̀ ní. Di ọrùn iṣu mú."

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, iṣu náà yọ̀, ó já lulẹ̀, ó sì là sí méjì. Ayọ̀bámi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣà á. Mátírọ̀n ní, "O ti pa á. Lọ mú òmíràn." Àsáró ni wọ́n fi èyí tó kú náà sè.

Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi ìgbọ̀nwọ́ wo omi. Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi omi gbígbóná ká orí kó lè rí rogodo, bí wọ́n ṣe ń na apá, bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ sókè tí wọ́n á sì hán an. Ayọ̀bámi hán iṣu. Ó gbọ́ èébú tí ìyá rẹ̀ gan-an ò bú u rí. Nígbà tó yá, ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Mátírọ̀n wò ó lálẹ́ ọjọ́ kan, kò rí ibi tó máa bú, ó ní, "Ó dáa. Lọ sùn." Kẹ́mi ní tirẹ̀ ṣì ń bínú, kò tíì bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tó pè é.

Wọ́n lọ. Wọ́n rí Lísíbọ̀n, wọ́n rí Pọ́tò, Sherifat ra bàtà. Wọ́n wá dé ìlú kékeré kan létí òkun, wọ́n gba àga méjì, wọ́n jókòó. Ibẹ̀ ni wọ́n wà lọ́jọ́ tí Ayọ̀bámi pè, ọmọbìnrin jòjòló sì wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Mátírọ̀n de fìlà òtútù nítorí atẹ́gùn òkun, ó gbé fóònù síwájú. "Má wo èmi, ọmọ ni kó o wò. Orí ẹ̀ ńkọ́? Ká a. Gbé e sókè. Hán an." Àwọn tó gbé pátákó bọ̀ láti inú òkun dúró yí i ká, omi ń ro lára wọn. Nígbà tí ọmọ ti mọ́, tí wọ́n fi òrí pa á tán, Kẹ́mi gba fóònù. Ó ní, "Màmi, ó ti sùn." Inú rẹ̀ ti rọ̀.

Ẹ gbọ́ èyí tó ń dùn mí jù. Nígbà tí Mátírọ̀n padà dé Oǹdó, ó gbá iwájú ilé, ó kó àga síta, ó to gbogbo àwòrán sórí fóònù rẹ̀, ó ń retí wa. A sì wá. Ọ̀wọ́ọ̀wọ́ la wá. "Ẹ kú ewu ọ̀nà, mà. Báwo lọmọ?" Gbogbo wa pátá. Á ní, "Òkun wà dáadáa." A ó rẹ́rìn-ín, a ó ní Mátírọ̀n ò lè yí padà, a ó tún ní, "Ta ló jọ?" Ó dùn ún. Kò pẹ́ tó fi kó àga wọlé. Ọjọ́bọ̀ nìkan, lọ́dọ̀ Sherifat, ló ń rí ẹni bá sọ nípa òkun.

Ó kú nínú oorun ọ̀sán, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà. Kò ṣàìsàn. A sin ín dáadáa, sọ́ọ̀ṣì kún títí dé ẹnu géètì, ìdajì àwọn tó wá ló jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbé wọn láyé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ìsìnkú, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ń bá Kẹ́mi fọ abọ́. Ayọ̀bámi gbé omi jáde, ó jókòó sórí àpótí, ó na ẹsẹ̀, ó tẹ́ ọmọ náà sórí rẹ̀. Ọmọ náà ò tíì lè rákò. Bísọ́dún ti dìde, ó ti ká apá aṣọ, kó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúró. Ayọ̀bámi fi ìgbọ̀nwọ́ wo omi. Ó fi kànhìnkànhìn lọ ọ́ lára, ó ká orí rẹ̀, ó na apá, ó na ẹsẹ̀, ó di apá méjèèjì mú, ó gbé e sókè, ó hán an. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ayọ̀bámi ń ṣe é lọ, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

Bísọ́dún wá ibi tó máa tún ṣe, kò rí i. Ó rọra jókòó padà. Ó mú abọ́ kan, ó tún gbé e sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó yíjú sí Sherifat tó dá jókòó sí abẹ́ igi.

"Àlájà," ló wí, "òkun tí ẹ̀yin méjèèjì lọ wò yẹn. Báwo ló ṣe rí?"

Sherifat wò ó. Láti ìgbà tí wọ́n ti dé, ẹni àkọ́kọ́ tó máa béèrè nìyẹn. Ó fi ìborùn nu ojú rẹ̀, ó tún nù ún. Àwọn obìnrin náà fi abọ́ sílẹ̀, wọ́n ń fa àpótí sún mọ́ ọn.

"Ó tutù," ni Sherifat wí. "Oòrùn ń ràn, omi sì tutù bí nǹkan míì. Mátírọ̀n ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ó yọ ọ́ kíá, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bú òkun. Ó bú u títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ló bá rìn wọ inú ẹ̀ lọ. Ó ní kí n máa bọ̀."

"Ẹ̀yin? Ṣé ẹ lọ?"

"Mo lọ," ni Sherifat wí.